Láti Àjàṣẹ́ dé Ìmẹ̀kọ: bí ìjọ aláṣọ funfun ṣe sọ àlejò di ẹbí

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìlú Àjàṣẹ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní: «Mẹ̀tírì, ìjọ aláṣọ funfun tí màmá mi ń lọ, ṣé ti Bẹ̀nẹ̀ ni àbí ti Nàìjíríà?» Kí a tó la ẹnu, kíláàsì ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ti Nàìjíríà ni, nítorí pé Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ń lọ ní ọdún Kérésìmesì. Àwọn kan ní irọ́ ni, Àjàṣẹ́ níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ariwo sọ. Nígbà tí a máa fi dá wọn dákẹ́, agogo ti lù, kálukú ti ki ìwé sínú àpò.

Ìbéèrè ọmọ yẹn kò jẹ́ kí a sùn dáadáa. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀ tóbi ju ti ààlà lọ. Báwo ni káfíńtà kan, tí kò ní ilé-ìwé gíga, tí kò ní bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn, ṣe kó ènìyàn jọ nínú ìlú tó ti kún fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí? Kí ni àwọn ènìyàn náà ń wá tí wọn kò rí níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀? Èyí ni a fẹ́ dáhùn lónìí. Kí ẹ má bàa rò pé a ń polówó, ẹ jẹ́ kí a tètè sọ ọ́: a kì í ṣe ọmọ ìjọ náà. Ìjọ mìíràn ni wọ́n ti tẹ̀ wá bọmi, ibẹ̀ náà ni a ṣì wà. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn kan ilé wa, ẹ ó rí i níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlú. Ibi tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́ ni àwọn Ègùn ń pè ní Hogbonu. Àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo. Ọba Ègùn ló wà lórí ìtẹ́, Yorùbá kún ọjà àti àdúgbò, àwọn Tọ̀fìn ń gbé orí omi, àwọn Àgùdà tó ti Bràsíì dé kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn sì kọ́ mọ́sáláṣí ńlá kan tí ojú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ẹni tó bá dàgbà ní Àjàṣẹ́, ó kéré tán yóò gbọ́ èdè mẹ́ta.

Ẹ̀sìn Kírísítì kì í ṣe tuntun níbẹ̀ rárá. Ní 1843 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ọ̀dọ̀ ọba Dàhòmì ní Agbómẹ. Ní 1861 ni àwọn fadá Kátólíìkì dé Whydah, wọ́n sì dé Àjàṣẹ́ ní 1864. Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ ti parí láti 1884. Nítorí náà, nígbà tí a bá dé ọdún 1947, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Àjàṣẹ́ ti ní bàbá àgbà tó ti ṣe ìrìbọmi. Kì í ṣe pé wọn kò mọ orúkọ Jésù.

Kí ló wá ń dà wọ́n láàmú? Ẹ rántí àkókò náà. Ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Òfin tó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní àwọn ìlú tí Faransé ń ṣàkóso, April 1946 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀ wá ìgboro. Ẹni tó bá dé ìgboro kò ní agboolé mọ́, kò ní ojúbọ ìdílé nítòsí, kò ní ìyá àgbà tí yóò se àgbo. Ọmọ sì ń kú. Ìdílé wo ni kò sin ọmọ nígbà náà? Bí àìsàn bá dé, ṣọ́ọ̀ṣì a máa gbàdúrà ní ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ibà kì í dúró de ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀sán, wọ́n ń yọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ adáhunṣe lóru. Gbogbo ènìyàn mọ̀, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, a kò sì bú ẹ̀sìn àwọn baba wa. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ènìyàn yẹn ń gbé ìgbésí ayé méjì, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Samuel Biléou Joseph Oshoffa sí ní 1909. Ẹ wo ìdílé rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ọmọ kíláàsì wa ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, káfíńtà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Àjàṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní Ìdáàṣà. Ìyá rẹ̀, Yorùbá ni, ọmọ Ìmẹ̀kọ. Ìtàn ìjọ sọ pé ọmọ ń kú mọ́ bàbá náà lọ́wọ́, ó sì bẹ Ọlọ́run pé bí òun bá rí ọmọkùnrin kan tó dúró, òun yóò fi í fún Ọlọ́run bí Hánà ti ṣe fún Sámúẹ́lì. Orúkọ Biléou tí wọ́n kọ lọ́nà ti Faransé yìí, Yorùbá wa ni: Bíléwù. Bí ilé ayé bá wù ọ́, dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ẹ mọ irú ilé tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi ọmọ náà sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ Mẹ́tọ́díìsì ní kékeré, ṣùgbọ́n kò kàwé jìnnà. Ó padà sídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó di káfíńtà. Nígbà tó yá, ó wọ òwò igi ẹ́bónì. Òwò yìí ló gbé e wọ inú igbó lẹ́bàá odò Ouémé, níbi tí a ti ń fi ọkọ̀ ojú omi wá igi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó, bí ìjọ ti ń sọ ọ́ ni a ó sọ ọ́. Wọ́n ní ní 23 May 1947, òòrùn ṣókùnkùn lójú ọ̀sán gangan. Ọkùnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà, nígbà tó gbọ́ ohùn kan. Ó rí ọ̀bọ funfun kan, ó rí ẹyẹ kan, ó rí ejò kan tí kò ṣe é ní nǹkan. Inú ń run ọkùnrin tó ń tukọ̀ fún un, ó gbé ọwọ́ lé e, ara rẹ̀ dá. Lẹ́yìn èyí ó ṣìnà, ó sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta nínú igbó kí ó tó padà sílé.

Olùkọ́ ìtàn ni wá, a ní láti yẹ ọjọ́ wò. Àwọn tó ń ṣírò ìrìn òòrùn àti òṣùpá ní àkọsílẹ̀ pé 20 May 1947 ni òòrùn ṣókùnkùn pátápátá, òjìji rẹ̀ sì gba orí Dàhòmì kọjá lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló wà láàárín méjèèjì. A kò rò pé èyí ba ìtàn náà jẹ́. Ẹni tó sọ nù sínú igbó fún oṣù mẹ́ta kò ní kàlẹ́ńdà lọ́wọ́. Ohun tó dá wa lójú ni pé òkùnkùn náà ṣẹlẹ̀, gbogbo ìlú rí i, ẹ̀rù sì ba tọmọdé tàgbà ní ọdún náà.

Nígbà tó padà dé, ìròyìn ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Ní 29 September 1947, nígbà tó ń gbàdúrà nílé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó ní òun rí ẹ̀dá abìyẹ́ kan nínú ìmọ́lẹ̀, ó sì rán òun níṣẹ́. Ọjọ́ yìí ni ìjọ fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ìjọ náà wá nígbà tó yá, láti ẹnu ọmọ ìjọ kan, Alexander Yanga, nígbà tó wà nínú ẹ̀mí: Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá. Àwọn Faransé ń pè é ní Christianisme Céleste. Níhà Nàìjíríà, Sẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, torí pé ibẹ̀ ni kókó wà. Wọn kò rán an sí àwọn tí kò tíì gbọ́ nípa Jésù. Àwọn Kírísítẹ́nì ni wọ́n rán an sí. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ̀pọ̀ ń pe ara wọn ní ọmọ Kírísítì, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyọnu bá dé, ọ̀dọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sá lọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìtìjú òru tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó mú síta. Ẹni tó gbọ́ ọ kò sọ pé èyí kì í ṣe tèmi. Ó mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n wọn kò bá a wí kí wọ́n wá fi í sílẹ̀. Wọ́n ní: bí ó bá dé òru, wá síbí, a ó bá ọ jókòó.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ tó ṣe irú èyí. Wòlíì Harris ti wàásù kọjá ní Ivory Coast àti Gold Coast láti 1913. Ní Èkó, Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọwọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní 1925. Ní Ìjẹ̀ṣà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá kó ogunlọ́gọ̀ jọ ní 1930. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: àdúrà lè ṣiṣẹ́ nínú ìyọnu òní, kò di ẹ̀yìn ikú. Ohun tó ya ti Àjàṣẹ́ sọ́tọ̀ ni àwọn èdè tó pàdé nínú rẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà tàn.

Ọ̀nà náà, omi ni. Àwọn Tọ̀fìn apẹja wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Apẹja kì í jókòó sójú kan. Láti adágún Nokoué dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì, láti Àgbádárìgì dé Èkó, omi kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọn ará wọn sì wà ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 1950 sí 1951, àwọn apẹja wọ̀nyí gbé àdúrà wọn dé Mákòókó ní Èkó, ibẹ̀ ni ìjọ náà ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Oshoffa fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé wọn lọ. Ìjọba Nàìjíríà forúkọ ìjọ náà sílẹ̀ ní 1958. Ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ìlà sórí ìwé láti 1889, ṣùgbọ́n ẹja kò mọ ìlà, apẹja náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Èyí tó gbé ìjọ náà kọjá ààlà, ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n àti ẹbí ni.

Kí wá ni àwọn ènìyàn rí níbẹ̀? A ti bi àwọn àgbà ọmọ ìjọ náà ní Àjàṣẹ́ àti ní àyíká Kétu. Ìdáhùn wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ ìsìn. Nǹkan tí ojú rí, tí ara mọ̀, ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ.

Wọ́n ń sọ ti aṣọ. Sùtánà funfun, olówó wọ̀ ọ́, akúṣẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Òtítọ́ ni pé oyè wà nínú ìjọ náà, àmùrè àti àwọ̀ sì ń fi oyè hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti oko, tí kò ní kóòtù tí yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọ̀gá, bí ó bá ti lè ra ìwọ̀nba aṣọ funfun, ojú kò tì í mọ́. Wọ́n ń sọ ti ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Àgbẹ̀ àti akọ̀wé, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn méjèèjì fi ń tẹ iyanrìn. Ní ayé àwọn Faransé, tí bàtà jẹ́ àmì pé ènìyàn ti di ọ̀làjú, ẹ rò ó wò bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára aláìníbàtà.

Wọ́n ń sọ ti àkókò. Ìsìn kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan. Ìsìn wà ní Ọjọ́rú, ó wà ní ọjọ́ Ẹtì, ìsìn oṣù tuntun sì wà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tí ẹ̀rù òru ń bà rí àwọn tó bá a jí títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ń sọ ti èdè: Ègùn, Yorùbá, Faransé, orin ń ti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì nínú ìsìn kan ṣoṣo, kò sí ẹni tí wọ́n ní kí ó lọ kọ́ èdè ẹlòmíràn kí Ọlọ́run tó gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n sì ń sọ ti wòlíì, ọkùnrin àti obìnrin, tó lè dìde láàárín ìjọ kó pe ènìyàn lórúkọ pé: ìwọ, ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyí. Ẹni tí kò sí ẹni tó ń wo ojú rẹ̀ nínú ìlú ńlá, lójijì wọ́n rí i.

Ó tún ní ohun tó ná wọn. Ọtí di èèwọ̀, sìgá di èèwọ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ di èèwọ̀, òrìṣà di èèwọ̀. Ẹni tó wọlé ní láti fi nǹkan sílẹ̀. Àwọn àgbà sọ fún wa pé èyí gan-an ló mú kí ìgbàgbọ́ tó ti tutù tún gbóná. Ohun tí kò bá ná ènìyàn ní nǹkan kan, kì í pẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Ibi yìí ni ìtàn náà ti kan ilé wa. A wà ní kékeré nígbà náà, a kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá wa ti sin ọmọ méjì. Ẹ̀kẹta, àbúrò wa obìnrin, wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n dá a dúró. Bàbá wa wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Ìjọ tí a ń lọ fi ìkíni ránṣẹ́. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, aláṣọ funfun, ló sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìjọ rẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, obìnrin méjì méjì ń wá sí ọsibítù. Wọ́n ń gbàdúrà wọ́ọ́rọ́wọ́ kí wọ́n má bàa dí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Wọ́n ń bu omi, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń fún ìyá wa ní ààyè kó sùn. Wọn kò sọ fún un pé kó gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Oògùn ń wọlé, àdúrà ń lọ. Ọmọ náà yè. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí.

Ìyá wa di ọmọ ìjọ wọn. Nígbà tí bàbá wa dé, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ní ìtìjú ni, ó ní ìyàwó òun ń rìn láìwọ bàtà nígboro. Fún ọdún kan, ọ̀nà méjì ni ilé wa ń tọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a sì mọ bí ó ti rí kí ọmọ máa yan ẹni tí yóò tẹ̀ lé. Kò rọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wa fúnra rẹ̀ ṣàìsàn ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àwọn aláṣọ funfun náà wá bá a jókòó. Kò yí ìjọ padà. Ó kàn sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ kan pé: «Ẹ ṣe wọ́n lálejò dáadáa o. Àwọn ló wá.»

Àwọn ló wá. A ti ka ìwé púpọ̀ lórí àwọn ìjọ aláàdúrà, ní èdè Faransé, tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi tàn. Kò sí èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ààlà. Ní October 1972, Kérékou gba ìjọba. Ní November 1974 ó kéde ìlànà Marx àti Lenin, ní 1975 Dàhòmì di Bẹ̀nẹ̀. Àkókò náà le fún àwọn ẹlẹ́sìn. Ní àárín àwọn ọdún yẹn ni Oshoffa kó lọ sí Nàìjíríà. Ìjọ náà sì tóbi sí i ní Èkó, ó ti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ní 10 September 1985, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀, ó kú. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìmẹ̀kọ? Nítorí pé ìlú ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ̀ jù wá lọ ohun tí Ìmẹ̀kọ jẹ́ sí wa. Kétu ni àwọn baba ńlá wọn ti lọ. Nígbà tí ogun Agbómẹ fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú, kò sí ààlà kankan láàárín wa. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ìlú ṣì wà ní ahoro, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n fi Kétu sí apá kan, Ìmẹ̀kọ sí apá kejì. Ní 1894 ni Kétu tún dìde, ṣùgbọ́n ààlà ti wà nílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó fẹ́ lọ kí ará rẹ̀ ní láti gba ọ̀dọ̀ àwọn duwáńnì kọjá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ àwọn aláṣọ funfun ní ọ̀nà Ìlárá ní ìparí ọdún, tí wọ́n ń lọ sí Ìmẹ̀kọ, ẹ wò ó dáadáa. Ojú ọ̀nà tí àwọn baba wa ń rìn kí Faransé tó dé ni wọ́n ń rìn. Àwọn mìíràn nínú wọn ń lọ sí etíkun Sẹ̀mẹ̀ ní alẹ́ Kérésìmesì, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará Nàìjíríà náà sì ń wá síbẹ̀. Ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àìsàn àti ìbẹ̀rù ti di okùn tó ń so ilẹ̀ tí wọ́n gé sí méjì.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Lẹ́yìn ikú olùdásílẹ̀, ìjà dé lórí ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀, Àjàṣẹ́ ń fà á, Nàìjíríà ń fà á, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Àwọn tí èdè mẹ́ta kò lè pín, ipò pín wọn. Àwọn kan wà pẹ̀lú, nínú oríṣiríṣi ìjọ, tó ń sọ fún aláìsàn pé kó má lọ sí ọsibítù. Èyí kò dára, a ti rí ẹni tó sin ọmọ nítorí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń jókòó ti ìyá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà, àwọn obìnrin tó gbé ìjọ náà dúró kì í darí ìsìn láàárín ọkùnrin àti obìnrin títí di òní. Àwọn ọmọbìnrin inú ìjọ náà ti ń bèèrè ìdí rẹ̀, ìbéèrè wọn sì tọ́ sí ìdáhùn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, iye wọn ń pọ̀ sí i. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2002 ní Bẹ̀nẹ̀, ènìyàn 5 nínú 100 ló sọ pé ìjọ yìí ni àwọn ń ṣe. Ní 2013, ó ti di 6,7 nínú 100. Ní ọdún kan náà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ti tọ́ Oshoffa dàgbà wà ní 3,4. Ọmọ ti ga ju ìyá lọ. Kì í ṣe ìjọba ló tì í lẹ́yìn, kì í sì í ṣe owó òkè òkun. Ẹnì kan ló ń sọ fún ẹnì kejì ní ìdí ẹ̀kọ, ní etí omi, ní ọsibítù.

Èyí ni ìdáhùn tí a fún ọmọbìnrin náà nígbà tí kíláàsì tún pé. A ní: «Bàbá ẹni tó dá a sílẹ̀ fẹsẹ̀ kan ti Ìdáàṣà, ìyá rẹ̀ ti Ìmẹ̀kọ wá, Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, Tọ̀fìn ló fi ọkọ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé Èkó. Sọ fún wa, ti ta ni?» Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní: «Ti gbogbo wọn ni, Mẹ̀tírì.» Kíláàsì dákẹ́. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní: «Ti ìyá rẹ náà ni.» Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni a fi ń parí rẹ̀. Àwọn tó rí ọdún 1947 ti ń tán lọ. Bí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà kan, ì báà jẹ́ aláṣọ funfun, ì báà jẹ́ Kátólíìkì, Mùsùlùmí tàbí abọ̀rìṣà, tó rántí bí òòrùn ṣe ṣókùnkùn ní ọdún náà, tàbí bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ lọ sí ìsìn òru, ẹ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í pé: nígbà tí ìyọnu dé, ta ló wá? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.